Epo tíránsífọ́mà wa ti dúdú: ṣé kí a dà á nù?

"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Èmi ni mo ń bójú tó ẹ̀ka iná ní ilé-iṣẹ́ kan. Tíránsífọ́mà wa, 33/11 kV, 7.5 MVA, ti pé ọdún 19 báyìí. Ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, àyẹ̀wò kV epo rẹ̀, èyí tó ń wo iye iná tí epo lè dí lọ́nà, jáde ní 27. A pe àwọn tó ní ẹ̀rọ fílítà, wọ́n ṣiṣẹ́ lé e lórí fún ọjọ́ mẹ́ta, ó di 62. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, alárọ́mù Buchholz, èyí tó ń kìlọ̀ bí gáàsì bá kóra jọ lókè táńkì, dún lẹ́ẹ̀kan, a tú gáàsì náà dànù, kò sì dún mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tún yẹ epo wò lóṣù karùn-ún, ó ti padà sí 34. Ásíìdì rẹ̀ jẹ́ 0.28, àwọ̀ rẹ̀ sì ti dà bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Àwọn tó ṣe fílítà ní kò sí ohun tí àwọn tún lè ṣe sí i mọ́, pé kí a da gbogbo rẹ̀ nù, kí a ra epo tuntun. Ṣé òótọ́ ni wọ́n sọ? Tí a bá yí i, ṣé tíránsífọ́mà náà á tún dà bíi tuntun?"

Ẹ kú làálàá. Inú mi dùn pé ẹ kọ nọ́ńbà sí i, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń béèrè irú ọ̀rọ̀ yìí kì í sọ ju "epo wa ti bàjẹ́" lọ. Bí mo ṣe gbọ́ yín sí, ohun méjì ló ń já yín láyà: owó tí ẹ ná sórí fílítà kò tọ́jọ́, ẹ sì ń rò ó pé owó ńlá tí ẹ fẹ́ ná sórí epo tuntun lè máà tọ́jọ́ náà. Ìfura kejì yẹn gan-an ló bọ́gbọ́n mu. Ẹ má tíì da epo náà nù. N kò sọ pé epo náà dára o. Ohun tí mò ń sọ ni pé òun ni ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí ẹ ní lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú táńkì, ẹ sì fẹ́ lé ẹlẹ́rìí lọ kí ẹ tó gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ àwọ̀ kúrò nílẹ̀. Epo tó dúdú ti dàgbà, ìyẹn dájú, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè sọ bó ṣe dàgbà tó. Mo ti rí epo tó mọ́ gaara tí omi inú rẹ̀ kò jẹ́ kó gba 20 kV. kV náà sì ní ohun tó mọ̀ àti ohun tí kò mọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á bu epo sínú ife kan tí orí irin méjì ti kọjú síra, àlàfo àárín wọn kò ju mílímítà 2.5 lọ. Wọ́n á máa fi iná kún un, 2 kV ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, títí iná á fi fò láti orí irin kan bọ́ sórí èkejì. Wọ́n á ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́fà, wọ́n á sì wá ìpíndọ́gba rẹ̀. Ohun tó máa ń jẹ́ kí iná tètè fò ni omi, àti àwọn fọ́nrán bébà tíntìntín tí omi ti rin, tí wọ́n á tò lẹ́sẹẹsẹ láàárín irin méjèèjì bí afárá. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n àyẹ̀wò yìí mọ. Kò mọ ásíìdì, kò rí gáàsì, kò sì mọ nǹkan kan nípa bébà tí a fi wé wáyà. Nítorí náà, nígbà tí epo yín di 62, ohun tí ẹ rí ni pé epo gbẹ lọ́jọ́ yẹn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà sì ju èje lọ. Fún tíránsífọ́mà tí iná rẹ̀ kò ju 72.5 kV lọ, ìlànà IEC 60422, ti àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà ohun èlò iná, ka kV tó bá wà lábẹ́ 30 sí èyí tó burú, àti ásíìdì tó bá kọjá 0.30. 34 yín ṣì wà lókè ààlà díẹ̀. 0.28 yẹn ló ń kọ mí lóminú ju, nítorí ásíìdì epo tuntun kì í kọjá 0.01, fílítà lásán kò sì lè mú un kúrò.

Kí ló wá dé tí kV fi já wálẹ̀ padà? Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní epo inú táńkì yín jẹ́ kílò 5,000, kí bébà àti páálí tó wà lára kọ́ìlì jẹ́ kílò 500. Bí ìwé àyẹ̀wò bá sọ pé omi inú epo jẹ́ 20 ppm, ìyẹn gíráàmù 20 nínú tọ́ọ̀nù kan, gbogbo omi tó wà nínú epo náà kò ju gíráàmù 100 lọ. Kò kún ife tíì. Ṣùgbọ́n bí bébà bá ti mu omi tó ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀, èyí tí kò ní yà mí lẹ́nu lára tíránsífọ́mà ọlọ́dún 19, kílò 15 nìyẹn. Garawa omi kan gbáko. Ẹ̀rọ fílítà gbé ife lọ, ó fi garawa sílẹ̀. Bí àwọn oníṣẹ́ ṣe ń kó ẹrù wọn sínú ọkọ̀ ni bébà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú omi díẹ̀díẹ̀ sínú epo gbígbẹ yẹn, títí àwọn méjèèjì yóò fi tún pín in bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó lè gba ọ̀sẹ̀, ó lè gba oṣù. Nítorí náà n kò lè sọ pé àwọn tó ṣe fílítà yín jẹ́ oníjìbìtì. Wọ́n ṣe ohun tí ẹ̀rọ wọn lè ṣe. Ibi tí mo ti bá wọn jà ni pé epo tuntun tí wọ́n ní kí ẹ rà, ife mìíràn ni. Garawa ṣì wà níbẹ̀.

Omi yìí kì í dúró sójú kan. Bí tíránsífọ́mà bá gbóná, bébà á tú omi sínú epo. Bó bá tutù, bébà á tún fà á padà, ṣùgbọ́n kò yára fà á bó ṣe yára tú u. Epo tuntun tó wà ní 20°C kò lè gbà ju nǹkan bí 50 ppm lọ kí omi tó yà sọ́tọ̀. Ní 60°C, ó lè gba ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin ìyẹn. Ẹ wá fojú inú wo tíránsífọ́mà tí lóòdù rẹ̀ kún títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí epo gbóná tó mumi yó, tí wọ́n wá pa á fún ìsinmi ọjọ́ méjì, tí òru sì tutù nini. Omi tí epo kò lè gbé mọ́ á já sílẹ̀ bí ìrì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹnìkan á wá tan án. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ tíránsífọ́mà tó ti rin fi máa ń bẹ́ nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án padà, tí gbogbo èèyàn á máa sọ pé "ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa kí a tó pa á o." Ìdí kan náà ló fi jẹ́ pé iye ppm tí wọn kò kọ ìwọ̀n ooru epo mọ́ kò wúlò fún mi. 20 ppm láti inú epo tó wà ní 60°C àti 20 ppm láti inú epo tó tutù kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà rárá.

Bébà yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí, nítorí òun ni ẹ̀mí tíránsífọ́mà. Ara igi ni wọ́n ti ṣe é, okùn gígùn gígùn ló sì so ó ró. A máa ń fi nọ́ńbà kan díwọ̀n bí okùn náà ṣe gùn tó: bébà tuntun wà ní nǹkan bí 1,000 tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, bó bá já wálẹ̀ dé 200, kò ní okun kankan mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì lè dí iná lọ́nà bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án. Ohun tó ń já okùn yẹn ni ooru, omi, ásíìdì àti ọ́síjìn. Fún bébà lásán tí a kò fi oògùn agbóoru sí, ìwọ̀n ooru 6°C tó bá lé ní ibi tó gbóná jù lọ nínú kọ́ìlì máa ń sọ ìgbà ayé rẹ̀ di ìdajì. Bí bébà bá sì ṣe ń gbó, òun fúnra rẹ̀ ń pọ omi, omi yẹn á tún jẹ́ kó yára gbó sí i. Ẹ rí i pé kì í ṣe gbogbo omi inú táńkì ló wọlé láti ìta. Wọ́n pè mí nígbà kan síbi tíránsífọ́mà kan tí wọ́n ti yí epo rẹ̀ ní oṣù mẹ́rìnlá ṣáájú. Epo náà ṣì mọ́ tónítóní, kV rẹ̀ lé ní 60. Wáyà kan já ní ìta, iná pàdé ara wọn fún ohun tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, bírékà sì gé e bó ṣe yẹ. Ìjágbà kékeré yẹn ti tó. Nígbà tí wọ́n fa kọ́ìlì jáde, mo fi èékánná họ bébà rẹ̀, ó rún bí ewé gbígbẹ, ó sì dúdú bíi kọfí. Kọ́ìlì ti sún kúrò láyè rẹ̀, bébà ya, àwọn wáyà tó jókòó ti ara wọn sì gbá iná mọ́ra. Nígbà tí wọ́n ń ra epo yẹn, aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́. Èyí tó sì dùn mí jù ni pé ìwé àyẹ̀wò epo àtijọ́ kò sí níbì kankan, epo tuntun kò sì ní ìtàn kankan láti sọ.

Ní ti ásíìdì, báyìí ló ṣe ń wáyé. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ń bá epo gbígbóná jà, bàbà inú kọ́ìlì sì ń gbè é lẹ́yìn. Wọ́n máa ń fi oògùn kan tí wọ́n ń pè ní DBPC sínú ọ̀pọ̀ epo láti dí ìjà yìí lọ́wọ́. Tí oògùn náà bá ṣì wà, ásíìdì á rọra máa gùn. Lọ́jọ́ tó bá tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Lẹ́yìn ásíìdì ni gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ á tẹ̀lé e, ohun dúdú kan tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara kọ́ìlì bí ọ̀dà, tó sì ń dí ojú ọ̀nà tí epo ń gbà kọjá láti tu kọ́ìlì lára. Ooru á wá pọ̀ sí i, epo á túbọ̀ bàjẹ́. Kí gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó fojú hàn, àyẹ̀wò kan wà tó máa ń tètè gbọ́ fìn-ín rẹ̀: èyí tó ń wo bí epo ṣe ń kọ omi ní ojú ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé. Epo tuntun máa ń tó 40 mN/m. Bó bá ti ń sún mọ́ 20, iṣẹ́ ti bọ́ sórí. Ẹ béèrè fún un. Ó ya mí lẹ́nu pé wọn kò bá yín ṣe é.

Buchholz tó dún yẹn ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ afẹ́fẹ́ lásán. Lẹ́yìn iṣẹ́ fílítà, afẹ́fẹ́ tó há sí igun kọ́ìlì máa ń gòkè wá fún ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n ẹ tú u dànù láìmọ ohun tó jẹ́, ìyẹn kò dára. Max Buchholz, ọmọ Jámánì, ṣe ohun èlò yìí ní 1921 kí a lè mọ̀ pé gáàsì wà, kí a sì lè bù ú yẹ̀ wò. Bó bá tún dún, ẹ fa gáàsì náà sínú síríńjì. Ẹ má ṣe ṣáná sí i láti wò bóyá á jó, mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan ṣì ń ṣe é. Èyí tó ṣì wúlò fún yín báyìí ni àyẹ̀wò gáàsì tó yòrò sínú epo fúnra rẹ̀. Gáàsì kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀sùn tó ń fi kan ènìyàn: haidrójìn tó pọ̀ lóun nìkan, iná kéékèèké ló ń ta nínú epo, etilínì, irin tàbí ojú ibi tí wáyà ti so pọ̀ ló ń gbóná janjan, kábọ́nù mónọ́ksáìdì àti kábọ́nù dáyọ́ksáìdì, bébà ló ń jó tàbí ló ń gbó, asetilínì, iná ti ń fò pẹ̀lú agbára. Michel Duval ní Kánádà ya igun mẹ́ta kan ní 1974 tí a fi ń pín ẹ̀sùn wọ̀nyí, títí dòní òun ni mo kọ́kọ́ máa ń gbé jáde. Ìṣòro tiyín ni pé ẹ̀rọ fílítà tó ń fi fákúùmù ṣiṣẹ́ máa ń fa gáàsì jáde pẹ̀lú omi, nítorí náà ohun tó wà nínú epo báyìí, láàárín oṣù márùn-ún tó kọjá ló kóra jọ. Ìyẹn kò burú. Ó kéré tán, ẹ mọ ọjọ́ tí kíkà bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ bí mo ṣe ń wo ọ̀nà tó wà níwájú yín. Kí a tún ṣe fílítà ọlọ́jọ́ mẹ́ta: owó ìparọ́rọ́ ni, à ń fi tu ara wa nínú. Kí a yí epo: ó dára nígbà mìíràn, pàápàá bí táńkì bá kéré, ṣùgbọ́n tó ìdá kan nínú mẹ́wàá epo àtijọ́ máa ń kù sínú bébà àti igun táńkì, pẹ̀lú ásíìdì rẹ̀, yóò sì ba tuntun jẹ́ bí ẹ kò bá fi epo gbígbóná ṣan kọ́ìlì kí ẹ tó kún un. Ọ̀nà kẹta, èyí tí àwọn oníṣẹ́ yín kò dárúkọ, bóyá nítorí wọn kò ní ẹ̀rọ rẹ̀, ni kí a fọ epo náà: kí ó gba inú amọ̀ kan tí a ń pè ní fuller's earth kọjá léraléra, títí amọ̀ náà á fi fa ásíìdì àti gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ mu. Epo gbígbóná tó ń yí lọ yí bọ̀ yẹn tún máa ń yọ́ ọ̀pọ̀ nínú èyí tó ti lẹ̀ mọ́ kọ́ìlì. Ẹ gbọ́dọ̀ dá DBPC padà sí i lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ó lè ti tán kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Fún 0.28, ọ̀nà yìí ni ọkàn mi fà sí jù, bí bébà bá ṣì ní okun. Garawa omi sì ní tirẹ̀ lọ́tọ̀: ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a lè so mọ́ táńkì fún oṣù mélòó kan, tí yóò máa fa omi díẹ̀díẹ̀ bí tíránsífọ́mà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó ń falẹ̀, ṣùgbọ́n ó bá bí bébà ṣe ń tú omi mu. Gbígbé kọ́ìlì sínú ààrò ilé-iṣẹ́ yára jù, ṣùgbọ́n bébà tó bá gbẹ máa ń sún kì, kọ́ìlì á sì dẹ̀, nítorí náà wọ́n ní láti fún un padà kí wọ́n tó dá a sínú táńkì. Ẹ̀rọ yòówù tí ẹ bá gbé wá, ẹ béèrè tíránsífọ́mà tó ṣiṣẹ́ lé kẹ́yìn, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí pé kò sí PCB nínú rẹ̀. Májèlé yẹn lè ti inú páìpù ẹ̀rọ wọ epo tó mọ́, Àdéhùn Stockholm sì fi 2025 ṣe òpin lílo rẹ̀ nínú ohun èlò iná.

Ohun tí yóò yan ọ̀nà fún yín ni furan, èérún tí bébà ń sọ sínú epo bí okùn rẹ̀ ṣe ń já. Bí furan bá kéré, ẹ fọ epo, ẹ fa omi, ẹ lè ní ọ̀pọ̀ ọdún lọ́wọ́. Bó bá ga gan-an, ẹ má ná owó ńlá sórí rẹ̀. Ẹ dín lóòdù kù, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá tíránsífọ́mà tuntun. Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé ìṣirò láti furan dé okun bébà kò péye, ibi tó gbóná jù lọ nínú kọ́ìlì lè ti kú nígbà tí ìpíndọ́gba ṣì ń rẹ́rìn-ín. Àyẹ̀wò epo kò sì lè rí mànàmáná tó ń bọ̀ lọ́la. Ọ̀pọ̀ tíránsífọ́mà ni búṣíǹgì (ibi tí wáyà ń gbà wọ inú táńkì) tàbí tap changer (ohun tó ń yí ìwọ̀n fólítì padà) pa, tí epo inú táńkì wọn kò ní àbùkù kankan. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí epo tap changer bá ń jò wọ inú táńkì ńlá, asetilínì rẹ̀ á dá ẹ̀rù bà yín lásán.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ kọ́kọ́ wo bíríídà, ohun tí tíránsífọ́mà ń gbà mí, tí silica gel inú rẹ̀ ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́. Bí silica gel inú rẹ̀ bá ti pa àwọ̀ dà láti òkè wá sísàlẹ̀, táńkì ti ń mí afẹ́fẹ́ tó ní omi láti ibòmíràn láìgba ibẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó gba ọ̀nà tó yẹ máa ń pa ti ìsàlẹ̀ dà ṣáájú. Ẹ fọwọ́ ra etí àwọn gáskẹ́ẹ̀tì tó wà lókè bóyá epo ń sun níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bu epo fún àyẹ̀wò kV, omi, ásíìdì, furan àti gáàsì. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣàṣìṣe nìyí. Ẹnìkan gbé epo wá fún mi nígbà kan nínú ìgò omi mímu, kV rẹ̀ jẹ́ 18, a fẹ́rẹ̀ẹ́ dá tíránsífọ́mà lẹ́bi fún omi tó kù sínú ìgò. Ẹ má bù ú lọ́jọ́ òjò. Ẹ nu ẹnu fáàfù ìsàlẹ̀, ẹ jẹ́ kí lítà mélòó kan ṣàn dànù, ẹ fi epo náà ṣan ìgò gíláàsì gbígbẹ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó kún un. Ti gáàsì, síríńjì gíláàsì ni kí ẹ lò, kí hóró afẹ́fẹ́ kankan má kù sínú rẹ̀. Ẹ kọ ìwọ̀n ooru epo àti lóòdù ìgbà yẹn sára rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ tún bu gáàsì, nítorí bó ṣe ń gùn sọ fún mi ju iye rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí Buchholz bá tún dún kí oṣù náà tó pé, tí asetilínì sì wà nínú gáàsì tí ẹ fà, ẹ má dúró de àyẹ̀wò kejì. Ẹ pa á, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan án padà, bó ti wù kí wọ́n máa pariwo iṣẹ́ tó, kí wọ́n tó yẹ kọ́ìlì wò.